Wọ́n ní 12 ínṣì, tèmi sì jẹ́ 12 ínṣì gẹ́lẹ́: kí ló dé tí wọ́n dá a padà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Télọ̀ ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti ní ṣọ́ọ̀bù kí èmi àti ọkọ mi tó kó wá sí Houston. Aládùúgbò wa kan mú mi wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń rán kúílìtì, aṣọ ìbora tí wọ́n ń fi ègé aṣọ tò. Àwa méjìlá la dá ìpààrọ̀ búlọ́ọ̀kù, ìyẹn àwọn ègé onígun mẹ́rin tí wọ́n ń so pọ̀ di kúílìtì: kí oníkálukú rán méjìlá irú kan náà, kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí kálukú wá mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ti gbogbo èèyàn lọ sílé. Mo ní kí n fi tèmi rán aṣọ ìbora fún àwọn ìbejì mi. Ìwé tí wọ́n fún wa ní kí a gé ègé mẹ́sàn-án fún búlọ́ọ̀kù kan, 4½ ínṣì níhà gbogbo, kí búlọ́ọ̀kù lè jẹ́ 12 ínṣì. Bí mo ṣe gé e nìyẹn, àǹkárá ni mo sì lò. Mo wọ̀n ọ́n, 12 ínṣì gẹ́lẹ́ ni. Wọ́n dá méjèèjìlá padà fún mi pé ó kéré. Màmá, ṣé àǹkárá mi ni wọn ò fẹ́ ni? Wọ́n tún ní kí n wá wọ òmíràn tí wọ́n ń pè ní round robin. Ṣé kí n wọ̀ ọ́, àbí kí n kúkú yọwọ́? Èmi ni Ìyá Ìbejì, Houston.

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, mo kí ọ, mo kí Táyé, mo kí Kẹ́yìn. Má tíì yọwọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àǹkárá yẹn ló ń dùn ọ́ jù, a ó dé ibẹ̀, àmọ́ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò.

Ègé mẹ́ta ló wà lórí ìlà kan nínú búlọ́ọ̀kù rẹ. 4½ lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 13½. Ojú rírán méjì ló so ègé mẹ́ta yẹn pọ̀. Tí ohun tó kù bá jẹ́ 12, a jẹ́ pé ojú rírán méjèèjì ti gbé ínṣì kan ààbọ̀ mì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ¾, ìyẹn ni pé etí aṣọ kọ̀ọ̀kan fi ⅜ ínṣì sílẹ̀ sínú rírán. ¼ ni ìwé wọn ní lọ́kàn. N ò rí máṣíìnì rẹ o, àmọ́ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé etí ẹsẹ̀ máṣíìnì, irin kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ nídìí abẹ́rẹ́, lo tẹ̀lé, ẹsẹ̀ náà sì fẹ̀ ju bó ṣe rí lójú lọ.

Ká ní o rán an ní ¼, 12½ ni ìbá jẹ́. Ibí yìí gan-an ni ìwé wọn ti tàn ọ́. Láàárín àwọn tó ń rán kúílìtì, bí wọ́n bá ní “búlọ́ọ̀kù 12 ínṣì”, iye tí ojú yóò rí lẹ́yìn tí àwọn búlọ́ọ̀kù mìíràn bá ti yí i ká ni wọ́n ń sọ, nígbà tí rírán bá ti gba ¼ lápá ọ̀tún, tó gba ¼ lápá òsì. Nígbà tó bá ṣì dá wà lọ́wọ́ rẹ, 12½ ni. Wọ́n ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́ débi pé kò wá sí wọn lọ́kàn mọ́ pé àlejò lè má mọ̀. Ìwọ náà sì ń ṣe irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: oníbàárà tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 40, ṣé 40 lo máa gé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀?

Iṣẹ́ tí o mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà dá kún un. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ télọ̀ nílé, wọ́n kọ́ wa pé ká má ṣe ahun pẹ̀lú àyè inú rírán. Léèsì tí wọ́n rán fún ìgbéyàwó lónìí, lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á gbé e padà wá pé ara ti gba aṣọ, ẹ bá wa tú u. Télọ̀ tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú rírán, ọjọ́ yẹn ni wọ́n á mọ̀ pé kò kọ́ṣẹ́ dáadáa. Kúílìtì kì í sanra. Fún ẹni tó ń kà á tí kò mọ̀ ọ́n, aṣọ ìbora onípele mẹ́ta ni: ojú òkè tí a fi ègé aṣọ tò, òwú pẹlẹbẹ ní àárín, aṣọ ìsàlẹ̀ lẹ́yìn, tí a wá fi abẹ́rẹ́ gán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra láti orí dé ẹsẹ̀. Àyè rírán tó bá pọ̀ nínú rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, yóò kàn máa di kókó lábẹ́ abẹ́rẹ́ ni.

Báwo ni ààbọ̀ ínṣì péré ṣe lè bí wọn nínú tó bẹ́ẹ̀? Búlọ́ọ̀kù tí à ń wí yìí kì í ṣe ti simẹ́ńtì, síbẹ̀ bíríkìlà á tètè lóye rẹ̀: kò sí ẹni tó ń to oní-9 ínṣì àti oní-6 ínṣì pọ̀ sórí ìlà kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi 12 rẹ so mọ́ 12½ ẹlòmíràn, ó di dandan kó fa tìrẹ tàbí kó ṣẹ́ tẹlòmíràn po. Aṣọ á sì máa ru gùdù bí ojú omi. Ẹni mọ́kànlá ló máa ru ẹrù yẹn lọ sílé.

Wò ó bí èésú. Ẹni méjìlá dá èésú, ₦10,000 lóṣù. Mọ́kànlá mú 10,000 wá, ẹnì kan mú 9,600. Kò sí ẹni tó máa wò ó bóyá bébà owó rẹ̀ jẹ́ tuntun tàbí ó ń dán. Owó náà kò pé, ó parí. Ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́ sì ni: tí o bá pín 12 sí 12½, 96 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa bọ́ sí.

Mo mú èésú wá nítorí pé nílé, a ní orúkọ fún gbogbo irú àjọṣe yìí, ẹni tó bá fi orúkọ tiwa pè é kì í tètè ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú ẹgbẹ́ wọn. Ìpààrọ̀ tí o wọ̀ yẹn, èésú ni: ohun tí o kó sílẹ̀ ni o máa kó, iye kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọjọ́ kan náà.

Èyí tí wọ́n ń pè ní bee lóde òní, àáró ni. Oṣù yìí, oko ẹnì kan ni gbogbo yín máa ro. Oṣù tó ń bọ̀, oko ẹlòmíràn. Ẹni tó kàn ló máa sọ àwọ̀ àti àwòrán tó fẹ́, nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ ló máa fi aṣọ ránṣẹ́ sí yín. Ohun tó ń pa àáró náà ló ń pa á: ẹni tí wọ́n ti bá ro oko tirẹ̀ tán tó wá ní ẹ̀yìn ń dun òun. Mo rántí ẹnì kan tó gba gbogbo búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ ní January, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí ọdún fi lọ. Nítorí irú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń fi ẹni tuntun sí ìparí ìlà. Bí wọ́n bá fi ọ́ síbẹ̀, má bínú, èmi náà á fi ọ́ síbẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ ni ti ayé àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, obìnrin tó bá ti tò ojú kúílìtì rẹ̀ tán á ké sí àwọn aládùúgbò, wọ́n á na aṣọ náà sórí igi, wọ́n á jókòó yí i ká, wọ́n á máa gán an, ẹjọ́ á máa lọ, òfófó á máa lọ, onílé á sì se oúnjẹ. Orúkọ bee yẹn, ọ̀wẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ jẹ́.

Wọ́n tún ń ṣẹ́ kèké. Kálukú á rán ẹyọ kan tàbí méjì ní àwòrán kan náà, wọ́n á kó orúkọ sínú àpò, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde á kó gbogbo rẹ̀ lọ. Fi ṣeré ni o, má fi ọkàn sí i. Mo mọ ẹni tó ti ń rán tirẹ̀ síbẹ̀ láti ọdún púpọ̀, kò tíì kó o rí.

Ní ti odiwọ̀n, ó ní iṣẹ́ kan tí mo máa ń mú bí àpẹẹrẹ fún ẹni tó bá ní àwọn oyìnbó yìí ti le jù. Ní 1987, ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, Cleve Jones, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ìrántí fún àwọn tí àrùn AIDS pa. Òfin wọn kò pọ̀: aṣọ kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ bàtà 3 ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ibojì èèyàn kan. Ohun tí o bá fẹ́ ni kí o fi sójú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ṣòkòtò jíǹsì olóògbé tàbí ìṣeré ọmọdé. Mẹ́jọ irú rẹ̀ ni wọ́n ń so pọ̀ di búlọ́ọ̀kù kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níhà gbogbo, ó sì ń bọ́ síra wọn láìṣẹ́kù: ṣírò rẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní Washington ní October 11 ọdún yẹn, 1,920 ni. Lónìí ó ti tó nǹkan bíi 50,000. Ìyá tó rán tirẹ̀ ní abúlé kan kò mọ ẹni tó rán èyí tí wọ́n so mọ́ ọn. Odiwọ̀n yẹn nìkan ni wọ́n jọ sọ.

Ṣùgbọ́n kúílìtì tìrẹ, tí o fẹ́ rán sílé rẹ, kò sí ẹni tó ní kí o gbé tépù sí i. Ní Alabama, níbi tí odò Alabama ti ya bí ìgbọ̀nwọ́, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend, Boykin lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tó ṣiṣẹ́ ní oko òwú níbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń fi ṣòkòtò iṣẹ́ tó ti gbó àti èékù aṣọ rán kúílìtì, ìlà rẹ̀ ń tẹ̀ bó ṣe wù ú, igun kan ga ju ìkejì lọ. Ìlú tí o wà yìí gan-an, ní Museum of Fine Arts, Houston, ni àfihàn ńlá iṣẹ́ wọn ti ṣí ní 2002 kó tó lọ sí New York, àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà sì yìn ín gidigidi. Àgbègbè yẹn kan náà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee sílẹ̀ ní 1966, tí àwọn obìnrin ń rán kúílìtì tà fún àwọn ilé ìtajà ńlá nígbà náà. Iṣẹ́ ọjà ní tirẹ̀, àwòrán kan náà, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń rán, nítorí oníbàárà ti sọ iye tó fẹ́. Ọwọ́ tó ń rán ti ilé bó ṣe wù ú ló ń rán ti ọjà ní ìwọ̀n. Wọn ò sọ pé ọ̀kan ló ba ìkejì jẹ́.

Ó yá, àǹkárá. N ò ní parọ́ fún ọ pé kò lè sí ẹnì kan nínú àwọn mọ́kànlá yẹn tí kò fẹ́ ẹ. Ó lè wà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sí ọ ni pé ó kéré, ó sì kéré ní tòótọ́, nítorí náà ká gbà á bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi sọ òmíràn. Tí o bá rán méjìlá mìíràn tó pé, tí wọ́n tún dá a padà, ìgbà yẹn ni kí o wá kọ̀wé sí mi, ọ̀rọ̀ tí a máa sọ nígbà náà kò ní jẹ́ ti ínṣì.

Àǹkárá ní ìwà tirẹ̀ tí kò yẹ kí o fi lọ̀ wọ́n láìtọ́jú, èmi ni kí o bi. Ọdún kejì tí mo ń rán kúílìtì, mo fi àǹkárá pupa fòò kan rán búlọ́ọ̀kù fún ìpààrọ̀, n ò fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó kàn so ó mọ́ funfun, ó gán gbogbo rẹ̀ tán, oṣù mẹ́ta ni ó fi ọwọ́ gán an. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fọ̀ ọ́, pupa mi ya lu gbogbo funfun rẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣì ní fọ́tò náà.

Nítorí náà, fọ àǹkárá kí o tó gé e, nínú omi gbígbóná, lẹ́ẹ̀mejì tó bá jẹ́ pupa tàbí aró. Ṣítáàṣì tí wọ́n fi ń mú un le á jáde, aṣọ á sì súnkì kó tó di búlọ́ọ̀kù. Bí aṣọ bá súnkì ní 4 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn tí o rán an tán, ààbọ̀ ínṣì yẹn náà ni búlọ́ọ̀kù 12½ máa pàdánù, o tún ti padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, tẹ aṣọ funfun tútù lé e lórí, gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Bí funfun bá gba àwọ̀, tún un fọ̀. Bí ó bá ṣì ń yọ lẹ́yìn fífọ̀ ẹ̀kẹta, fi rán bùbá ara rẹ. Iyọ̀ àti fínígà tí àwọn ìyá wa máa ń dà sí omi kò lè so àwọ̀ aṣọ òde òní mọ́ aṣọ, omi ṣáá ni kí o máa pààrọ̀ títí yóò fi mọ́. Àdìrẹ aláró náà ń fẹ́ ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, nítorí aró lè máa pa mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìfọ̀.

Ó tún yẹ kí o mọ èyí tó jẹ́ òwú gidi, nítorí ọjà ti kún fún àǹkárá oníke. Fa fọ́nrán méjì mẹ́ta yọ, fi iná sí i. Òwú á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á fọ́ lọ́wọ́. Polyester á yọ́, á dì bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó le. Má fi onílẹ̀kẹ̀ yẹn sínú ìpààrọ̀, áyọ́ọ̀nù tó gbóná fún aṣọ òwú àwọn yòókù ló máa bà á jẹ́.

Wàyí o, àwòrán. Àǹkárá tó ní òbírí tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, bí o bá gé e sí 4½, 4 péré ni ojú máa rí, àwòrán náà á di àpá tí kò nítumọ̀. Gé ihò 4 ínṣì sí àárín páálí, máa ti páálí náà kiri lórí aṣọ kí o tó gbé abẹ. Ibi tí ojú ẹyẹ tàbí òdòdó bá ti jókòó dáadáa sínú ihò yẹn, ibẹ̀ ni kí o gé. Ó ń jẹ aṣọ púpọ̀ o. Fún ìpààrọ̀, èyí tí àwòrán rẹ̀ kéré ló dára jù.

Bí ìwọ yóò ṣe tún un rán rèé. Wá rúlà oníke, kì í ṣe tépù aláṣọ tó ti nà láti ọdún márùn-ún. Wọn ¼ láti ojú abẹ́rẹ́, kí o lẹ téèpù aláwọ̀ kan mọ́ orí irin máṣíìnì níbẹ̀, òun ni kí etí aṣọ máa fara kàn, gbàgbé ẹsẹ̀ máṣíìnì. Lẹ́yìn náà, dán an wò: gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, 1½ ínṣì ní fífẹ̀, rán wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lọ̀ ọ́, wọ̀n ọ́n. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 3½ láti etí dé etí, kí èyí tó wà láàárín jẹ́ 1 gẹ́lẹ́. Bí ó bá jẹ́ 3⅜, sún téèpù rẹ mọ́ abẹ́rẹ́ díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí o rí i pé ibi tó ti máa pé gan-an dín sí ¼ ní fọ́nrán òwú kan tàbí méjì. Má bẹ̀rù, ibi tí aṣọ ti ṣẹ́ padà lórí ojú rírán náà ń gba àyè tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ló mọ fọ́nrán yẹn, kì í ṣáà sí nínú ìwé tí wọ́n ń pín.

Má gé ègé mẹ́sàn-án lọ́nà méjìlá bí ẹni ń gé ilá. Télọ̀ tó ti rán aṣọ òkè rí ni ọ́, o mọ bí wọ́n ṣe ń fi etí kó ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ kó tó di aṣọ. Ṣe bẹ́ẹ̀. Gé ọ̀já 4½ ínṣì láti ìbú aṣọ dé ìbú: mẹ́jọ nínú aṣọ dúdú, méje nínú èyí tó mọ́lẹ̀. Kó wọn pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta: dúdú, mímọ́lẹ̀, dúdú, lọ́nà mẹ́ta, mímọ́lẹ̀, dúdú, mímọ́lẹ̀, lọ́nà méjì. Lọ̀ ọ́ sí apá dúdú. Wá gé e ní ìbú ní 4½, wàá rí mẹ́sàn-án láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú irú àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú irú kejì láàárín, búlọ́ọ̀kù dé. Yáàdì kan àti ìdámẹ́rin dúdú, yáàdì kan mímọ́lẹ̀, ó tó fún méjèèjìlá. Nítorí pé o lọ rírán sí apá dúdú, ojú rírán ìlà kan á jókòó sínú ti ìkejì bí eyín, igun á pàdé igun. Nígbà tí o bá ń lọ̀ ọ́, gbé áyọ́ọ̀nù lé e kí o gbé e kúrò. Bí a ṣe ń fa áyọ́ọ̀nù lórí agbádá yẹn, aṣọ á nà, iṣẹ́ rẹ á sì bàjẹ́ níbi tí o ti rò pé o ń tún un ṣe.

Kọ̀wé sí ẹni tó ń darí ìpààrọ̀ náà lónìí. Má ṣe àlàyé gígùn. Sọ pé o ti rí i pé ⅜ lo rán dípò ¼, pé o ń rán méjìlá mìíràn, kí wọ́n fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Fi kún un pé á dára kí ìwé wọn máa sọ “12½ lọ́wọ́, 12 lẹ́yìn rírán”. Mo rò pé wọ́n á tún un kọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìwọ kọ́ ni àlejò àkọ́kọ́ tó kọsẹ̀ níbẹ̀.

Kí o wọ round robin? Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí ná. Ẹni márùn-ún, ẹ óò rán búlọ́ọ̀kù àárín kan kan, kálukú á fi tirẹ̀ sínú àpò. Àpò rẹ á lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì, òun á fi etí kan yí i ká, á fi ránṣẹ́ sí ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí yóò fi yípo padà sọ́dọ̀ rẹ. Bí àárín bá jẹ́ 12, tí ẹni mẹ́rin bá fi etí 3 ínṣì kún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kúílìtì ọmọdé tó jẹ́ 36 níhà gbogbo lo máa gbà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í jẹ́ kí onítọ̀hún rí i títí yóò fi parí. Bí o bá ti mọ egúngún ilé kan tí àwọn ọmọ ilé ń fi aṣọ tiwọn kún tirẹ̀ láti ìran dé ìran, kò ní ṣàjèjì sí ọ.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé ó rọrùn lójú tépù ju ìpààrọ̀ lọ. Kò sí iye tí gbogbo yín gbọ́dọ̀ bá dọ́gba, ohun tó bá dé ọwọ́ rẹ ni o máa wọ̀n. Àárín rẹ̀ ni kí o ti wọ̀n ọ́n, má fi rúlà lé etí, nítorí etí ti nà lọ́wọ́ àwọn tó ti gbé e. Gé ọ̀já tìrẹ ní iye tí àárín bá sọ, kí o sì fi abẹ́rẹ́ olórí dè é kó dọ́gba kí o tó rán an.

Ọkàn ló le fún. O fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ sọ́wọ́ ẹni mẹ́rin tí o kò yan, ẹnì kan á sì fi àwọ̀ tí o kò lè gbà sí ilé rẹ kún un, tẹ̀rín-tẹ̀rín lo máa gbà á. Fi bébà kékeré sínú àpò tí o kọ àwọ̀ tí o kò fẹ́ rárá sí, kò burú, wọ́n gbà á láyè. Má fi aṣọ àjogún tàbí etù bàbá rẹ ṣe àárín. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o parí ìpààrọ̀ yìí ná, kí o ṣe àáró kan pẹ̀lú wọn, kí o mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń mọ́ àti ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kì í pé, lẹ́yìn náà kí o wá wọ round robin yẹn. Láàárín ìgbà náà, lọ wo International Quilt Festival nígbà tí wọ́n bá ṣe é lápá ìparí ọdún ní George R. Brown Convention Center. Ẹlòmíràn ń wọ bàálù láti ìlú òkèèrè wá síbẹ̀, ìwọ á kàn wakọ̀ lọ ni. Wọ bàtà tí kò ní gìgísẹ̀.

Ó ku àwọn méjìlá tí wọ́n dá padà. Má tú wọn. Ojú rírán mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 96 lápapọ̀, àǹkárá sì máa ń fi ojú ihò abẹ́rẹ́ hàn lẹ́yìn títú. Àwọn méjìlá náà dọ́gba láàárín ara wọn, ẹlòmíràn nìkan ni wọn ò bá dọ́gba. Tò wọ́n ní mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, rán wọn ní ¼, èyí tí ojú máa rí níkẹyìn á jẹ́ 34½ sí 46. Èyí tí o máa gbà láti inú ìpààrọ̀, tí o bá tò ó bẹ́ẹ̀, á jẹ́ 36 sí 48. Ìbejì ni wọ́n, wọ́n máa wọ̀n ọ́n, kódà bí wọn ò bá tíì mọ rúlà. Nítorí náà, fi ọ̀já tí o gé ní 1¼ kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti èyí tó kéré, fi èyí tí o gé ní 1½ kún orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, méjèèjì á di ọgbọọgba. Rán àwọn méjèèjì tán kí o tó fi èyíkéyìí han Táyé tàbí Kẹ́yìn.